Bí Ọ̀nà Ìríran Ṣe Ń Là Nínú Ọpọlọ Kí A Tó Bímọ

Ọmọ ajá abúlé Akínyẹlé tàbí Lágelú a máa wáyé pẹ̀lú ojú dídì. Ọmọ ọ̀bọ àti ọmọ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí Pasko Rakic lórí ọ̀bọ rhesus, tí ó jáde ní ọdún 1976, fi hàn pé àwọn fọ́nrán iṣan tí ó ti ojú ọ̀tún àti ojú òsì wá a kọ́kọ́ lọ́ mọ́ra nínú ọpọlọ. Kí oyún náà tó pé nǹkan bí ọjọ́ 165 tí í fi í dàgbà, wọ́n ti ń yà sọ́tọ̀, ti ojú kọ̀ọ̀kan sí ipa tirẹ̀. Inú òkùnkùn ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Kí ni ó ń tọ́ wọn sọ́nà nígbà náà? Ẹyinjú fúnra rẹ̀ ni: àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ a máa ránṣẹ́ sí ọpọlọ ní ìgbì-ìgbì, bí ẹni pé wọ́n ti ń rí nǹkan.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ kò tọ̀ a máa di igbó. Hubel àti Wiesel, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, rí i pé bí a bá pa ojú kan dé lẹ́yìn ìbí, ojú kejì ni yóò gba ààyè rẹ̀ nínú ọpọlọ. Nítorí náà, ọmọ tí nǹkan funfun bo ẹyinjú rẹ̀ láti inú oyún gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá di ìgbà tí ó wọ iléèwé kí wọ́n tó ṣí i kúrò, ojú lè mọ́, kí ọpọlọ má lè túmọ̀ ohun tí ó ń rí.