Áàpù ojú ọjọ́: ibi tí odo kan ti lè kó àgbẹ̀ sí gbèsè

Kí àgbẹ̀ tó fín oògùn sí oko, ó máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀ lọ́jọ́ náà, torí òjò lè fọ oògùn náà dànù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi máa ń ṣe áàpù kékeré tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí.

Áàpù yìí kò fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ o. Kọ̀ǹpútà ńlá kan níbòmíràn ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nípasẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní API. Open-Meteo, bí àpẹẹrẹ, ń dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò fi ṣòwò, tí ìbéèrè rẹ̀ kò bá ti pé 10,000 lóòjọ́. Ó jọ pé ó pọ̀, àbí? Ká ní 200 èèyàn ṣí áàpù náà sílẹ̀, tó sì ń béèrè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: láàárín wákàtí kan péré, 12,000 ti lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àsọtẹ́lẹ̀ òjò kì í yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Kí sáfà ẹni tó ṣe áàpù béèrè lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, kó tọ́jú èsì náà, kó yọ ohun tí àgbẹ̀ ò nílò kúrò kí dátà má bàa tètè tán, kó wá máa pín in fún gbogbo wọn.

Ibi tó léwu jù nìyí. Nínú JavaScript, àṣẹ tó ń jẹ́ fetch kì í ka èsì 404 tàbí 500 sí àṣìṣe. Àfi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tàbí ohun tó jọ ọ́ ló máa ń pariwo. Tí ẹni tó kọ ọ́ ò bá yẹ response.ok wò, áàpù lè gba èsì òfìfo, kó wá kọ 0 síbi iye òjò. Lójú àgbẹ̀, òjò ò ní rọ̀ lónìí nìyẹn. Á fín oògùn olówó gọbọi, òjò á sì dé lọ́sàn-án. Ó sàn kí áàpù kọ ọ́ síta gbangba pé: "A ò rí ìròyìn tuntun gbà. Ti aago mẹ́fà àárọ̀ lẹ̀ ń wò yìí."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé náà ńkọ́? AbortSignal.timeout ni wọ́n fi ń sọ fún áàpù pé kó má dúró ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Tí èsì bá sì jẹ́ 429, ìbéèrè ti pọ̀ jù nìyẹn. Kó sinmi, kó máa fi kún àkókò tó ń dúró kó tó tún gbìyànjú. Ẹni tí onílé ní kó ní sùúrù kì í tún gbá ilẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀.

Open-Meteo kì í béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ API ń béèrè. Ẹ má kọ kọ́kọ́rọ́ yẹn sínú ohun tí bùráúsà ń kà! Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ F12 lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè rí i, kó máa fi ṣe tiẹ̀, kí owó sì máa jáde lápò yín. Orí sáfà ni kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.