Àlejò Abúlé àti Àrùn Kata

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀nà Ìbàràpá kì í dá. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta a máa wá kí àwọn òbí wọn ní Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ayétẹ̀ àti ní oko. Láti 2018 tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì ní Igbó-Ọrà, oṣù October pẹ̀lú ti di ti àlejò. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa àrùn ewúrẹ́ tí àwọn ènìyàn ń pè ní kata, nítorí àlejò lè mú un wọ abúlé láìmọ̀.

Ara ewúrẹ́ á gbóná, ojú àti imú rẹ̀ á máa ṣomi títí yóò fi ki bí ikun, egbò á bo ẹnu rẹ̀, á máa húkọ́, á sì máa ṣu gbuuru. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Kì í ran ènìyàn, àpò ènìyàn ni ó ń bà jẹ́. Ìyá tí ó fi owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra ewúrẹ́ mẹ́fà mọ̀ pé gbèsè kì í bá ewúrẹ́ kú.

Èémí, ikun imú àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ń ṣàìsàn ni ó ń ran èyí tí ara rẹ̀ le. Nítorí náà, ewúrẹ́ tí a rà lọ́jà lánàá fún ìnáwó ni ó léwu jù. Ó lè ti kó àrùn, kí àmì má sì hàn fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ má so ó mọ́ ti ilé. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀sìn, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó ní abọ́ omi tirẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ pé àrùn wà ní oko kan, ẹ kí wọn ní iwájú ilé, ẹ má wọ ilé ẹran. Ẹni tí ó bá ti wọ̀ ọ́, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti bàtà kí ó tó lọ sí oko mìíràn. Ewúrẹ́ tí owó rẹ̀ ṣàdédé wálẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á gbé lọ sílé. Èyí tí ó bá kú, kí a sin ín jìn, kí a sì sọ fún dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Nàìjíríà ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe èyí tí wọ́n ń lò jù láyé, ní 1975. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Nigeria 75/1. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá gún ẹran, ó tó ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò wúlò fún èyí tí àrùn ti mú. Inú yìnyín ni wọ́n ń gbé e, ìgò kan sì tó ẹran púpọ̀. Bí wọ́n bá ti pò ó, ọjọ́ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó tán. Ẹni tí ó ní ewúrẹ́ mẹ́ta kò lè dá a ṣe. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka ẹran àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n dá ọjọ́ kan pẹ̀lú dókítà ẹran, ó kéré tán oṣù kan kí àlejò ọdún tó dé.