Oògùn Ọkàn Kò Mọ̀ Pé Ara Ti Yá

Ọjọ́ tí ara bá yá ni ewu tó pọ̀ jù nínú lílo oògùn àìlera ọkàn ń bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ní Ìkirè tàbí ìyá oníṣòwò l'Ápòmù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń mí hẹlẹ bó bá rìn díẹ̀, tí kò lè sùn àfi bó bá to ìrọ̀rí jọ, yóò gba ìwé oògùn lọ́wọ́ dókítà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti tọ omi dànù, bàtà ti gba ẹsẹ̀, oorun ti padà. Yóò wáá rò ó pé àìsàn ti lọ, a kì í sì í lo oògùn sí àìsàn tó ti lọ. Bó bá jẹ́ ibà ni, ìrònú náà bójú mu. Fún ọkàn tó ti rẹ̀, ó lè gbẹ̀mí ẹni. Bí ara ṣe rí lára kò tó ohun tí a lè fi díwọ̀n oògùn yìí rárá.

Ohun tó ń fà á nílẹ̀ wa kò fara sin. Àwọn dókítà ní Abẹ́òkúta ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014: ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ti àwọn tó lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ń fipá mú ọkàn ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ọkàn kò bá lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri tó mọ́, kíndìnrín á ṣe bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ló dín kù nínú ara, á bẹ̀rẹ̀ sí í há iyọ̀ àti omi mọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ọkàn á máa sáré. Ara fẹ́ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni, ìrànlọ́wọ́ náà ló tún ń dá kún ìṣòro.

Furosemide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lasix, ń lé omi jáde. Ẹni tó lò ó láàárọ̀ á ti mọ̀ kó tó di ọ̀sán pé ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù, bíi lisinopril tàbí enalapril, carvedilol tàbí bisoprolol, àti spironolactone, ló ń dí ìrànlọ́wọ́ òdì yẹn lọ́wọ́. Oṣù lórí oṣù ni wọ́n fi ń ṣe é, láìpariwo. Carvedilol tilẹ̀ lè kọ́kọ́ mú kó rẹ èèyàn, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níwọ̀n kékeré. Bí owó bá há, Lasix ni aláìsàn máa ń rà, torí òun ló rí iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí kò rí iṣẹ́ wọn yẹn ni ẹ̀rí wà pé wọ́n ń mú ẹ̀mí gùn. Ìwádìí CONSENSUS ní 1987 rí i pé enalapril dín ikú kù ní ìdá 40 nínú 100 láàárín oṣù mẹ́fà fún àwọn tí àìsàn náà ti wọ̀ lára. Ìwádìí RALES ní 1999 rí ìdínkù ikú ní ìdá 30 nínú 100 pẹ̀lú spironolactone. Kò sí ìwádìí ńlá tó sọ irú rẹ̀ nípa furosemide, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè ṣe láìsí i nígbà tí omi bá kún ara.

Ẹnì kan lè bi wá pé: bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ọkàn ti padà bọ̀ sípò ńkọ́? Àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù dán èyí wò nínú ìwádìí TRED-HF, tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde ní 2019. Èèyàn 51 tí ọkàn wọn ti sàn ni wọ́n kó jọ. Wọ́n dá oògùn dúró díẹ̀díẹ̀ fún 25, àwọn 26 yòókù ń lò ó lọ. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, àìsàn ti padà sára 11 nínú àwọn 25. Kò padà sára ẹyọ kan nínú àwọn 26. Abẹ́ ojú dókítà ni gbogbo rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀.

Àtakò tó gbilẹ̀ jù ládùúgbò ni pé oògùn òyìnbó ń ba kíndìnrín jẹ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìwádìí RALES, àwọn dókítà ní Ontario, ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ spironolactone fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwádìí tó jáde ní 2004 fi hàn pé iye àwọn tó dèrò ilé ìwòsàn, àti iye àwọn tó kú, nítorí àpọ̀jù èròjà potassium fò sókè. Spironolactone àti lisinopril ń há potassium mọ́ ara, bó bá sì pọ̀ jù ó lè dá ọkàn dúró láìjẹ́ pé onítọ̀hún ti mọ nǹkan kan lára. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u fó. Ọ̀rọ̀ potassium yìí kan Ìkirè gan-an, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a fi ń ṣe dòdò Ìkirè kún fún potassium, dòdò náà sì tún ní iyọ̀ (ẹni tó bá ní kò dùn ń purọ́). Díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn méjèèjì, tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì lágbára, gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè ìwọ̀n tó lè jẹ. Ìwọ̀n oògùn ló yẹ kí ẹ̀rù kíndìnrín mú wa lọ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ dókítà, kì í ṣe kí ó mú wa jù ú nù. Ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ láìsí ariwo ni ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà ní kẹ́mísìtì fún ẹ̀yìn dídùn: wọ́n ń há omi mọ́ ara, wọ́n sì ń ba iṣẹ́ oògùn ọkàn jẹ́.

Àgbo ńkọ́? Ewé kò ṣeé fojú tín-ín-rín. Ní 1785, William Withering, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde lórí ewé foxglove, tó rí nínú àgbo ìyá àgbà kan tí ewé inú rẹ̀ lé ní ogún. Ìdílé ewé yẹn ni digoxin òde òní ti wá. Ọdún mẹ́wàá ni Withering fi wá ìwọ̀n rẹ̀, torí ewé tó ń tu ọkàn lára náà ló ń pa á bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni àgbo inú ike kò ní. Kí ẹni tó ń mu ún sọ fún dókítà, kí dókítà náà má sì bú u, kó má baà fi pa mọ́ nígbà mìíràn.

Ti owó ló le jù láti dáhùn. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ oògùn GSK ti kéde ní 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, tí náírà sì já wálẹ̀, oògùn ti wọ́n gan-an. Ẹ sọ fún dókítà iye tí agbára yín ká kó tó kọ̀wé: enalapril, lisinopril àti spironolactone jẹ́ oògùn àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń ṣe, wọn kò wọ́n tó àwọn tuntun. Àpòmù ti ń pàtẹ fún Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú láti ìgbà tí ogun Òwu kò tíì dé, ṣùgbọ́n oògùn ọkàn kì í ṣe ọjà orí igbá. Ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni ká ti rà á, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Bí a bá gbàgbé ti àná, a kì í lo méjì pọ̀ lónìí. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú lẹ́yìn lisinopril tàbí enalapril, ká má tún lò ó mọ́, ká sì sáré dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí aláìsàn bá ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, ká pe dókítà kó tó lo èyí tó kàn.

Kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ lásán díwọ̀n kòkó tà ní Ìkirè. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé e sí. Kí aláìsàn náà máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi kìlógíráàmù 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó lọ rí dókítà, kó má dúró de ẹsẹ̀ wíwú. Ìkirè àti Àpòmù wà lágbedeméjì ilé ìwòsàn ńlá méjì, UCH Ìbàdàn àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀, owó ọkọ̀ kò sì rọrùn. Ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó bá ní òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ ìfúnpá àti nọ́ọ̀sì tó lè pe dókítà lórí fóònù lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a ó máa tìtorí rẹ̀ wọkọ̀.