Ìwé wo ni akọ̀wé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ń kà kó tó ṣèdánwò?

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ka fáìlì àwọn tó ní jẹjẹrẹ, kí wọ́n sì sọ ọ́ di nọ́ńbà? Ní Amẹ́ríkà, NCRA, ẹgbẹ́ wọn, ló ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. CTR ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti 2024, ó ti di ODS. Kéèyàn tó lè ṣèdánwò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ, kó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà.

ICD-O-3 ni ìwé tí wọn ò lè ṣe kí wọ́n má mọ̀. Ó ní kóòdù fún ibi tí jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀: C50 ni ọmú, C22 ni ẹ̀dọ̀. Ó tún ní nọ́ńbà fún irú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́.

Àmọ́ àkọ́sórí nìkan ò tó o. Ká ní jẹjẹrẹ ọmú ti ràn dé ẹ̀dọ̀ obìnrin kan, kóòdù wo lẹ máa kọ? C50 ni, torí ọmú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ C22 ti bu kún iye jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ó sì ti dín ti ọmú kù. Bẹ́ẹ̀, iye yẹn ni ìjọba ń wò kó tó pín owó àyẹ̀wò àti ìtọ́jú.