Síso Ẹ̀rọ Alámòójútó Sáfà Mọ́ Ìwé-Orúkọ Àjùmọ̀lò

Ìfáàrà

Ní òde òní, máàkì àti orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé inú fáìlì nìkan mọ́. Inú sáfà ni púpọ̀ nínú wọn wà. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ó ń pèsè ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ bá dé ibẹ̀, ó lè yí máàkì padà kí olùdánwò tó fura. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ẹnu ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí, àti bí a ṣe lè ṣọ́ ọ.

Ẹ̀rọ Alámòójútó

Nínú ikùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà ni kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí ó ní ọpọlọ tirẹ̀. Bí a tilẹ̀ pa sáfà, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń wọ inú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré yìí kì í sùn. Dell ń pe tirẹ̀ ní iDRAC, HPE ń pe tirẹ̀ ní iLO. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè tan sáfà, ó lè pa á, ó sì lè wo ohun tí ó wà lójú rẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni sáfà.

Ká ní sáfà jẹ́ ogójì, tí a sì ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò rántí pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ní ogójì ojú?

Ìwé-Orúkọ Àjùmọ̀lò

Ohun tí ó tán ìṣòro yìí ni ìwé-orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀rọ ń bi léèrè, bí ìwé-orúkọ ilé-ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. LDAP ni èdè tí wọ́n fi ń bi í. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, a sì tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1993. Active Directory, ìwé-orúkọ ti Microsoft, bá Windows 2000 dé. Bí ènìyàn bá fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ alámòójútó yóò béèrè pé: Ṣé ẹ mọ ẹni yìí? Ẹgbẹ́ wo ni ó wà? Bí a bá pa orúkọ náà rẹ́ lójú kan, gbogbo ilẹ̀kùn ni ó tì.

Ibi tí Ewu Wà

Ẹnu ọ̀nà 389 ni LDAP sábà ń gbà. Bí a kò bá fi ohunkóhun bò ó, ọ̀rọ̀ ìwọlé yóò máa kọjá ní gbangba. Ẹni tí ó bá lúgọ sójú ọ̀nà yóò kà á. Nítorí náà ni a fi ń lo ẹnu ọ̀nà 636, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń kọjá bí ẹnà. Ṣùgbọ́n ẹnà tiwa, ẹni tí ó bá mọ òfin rẹ̀ yóò gbọ́ ọ; ti ẹ̀rọ ń yí kọ́kọ́rọ́ padà ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, ẹnà nìkan kò tó. Bí a bá bá olè sọ ẹnà, olè náà ni a ṣì bá sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí ìwé-orúkọ fi ìwé ẹ̀rí hàn, kí ẹ̀rọ sì yẹ̀ ẹ́ wò bí olùdánwò ṣe ń yẹ òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé wò. Ọ̀pọ̀ tí ó ń kánjú a máa pa àyẹ̀wò yìí. Àṣìṣe ńlá ni.

Ìgbésẹ̀ Ààbò

(i) Kí a fi àwọn ẹ̀rọ alámòójútó sí ojú okùn tiwọn, kí wọ́n má fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì.

(ii) Kí a kó ìwé ẹ̀rí aláṣẹ tí ó fọwọ́ sí ti ìwé-orúkọ sínú ẹ̀rọ, kí a sì tan àyẹ̀wò. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ẹ̀rí gan-an ni kí a fi pe ìwé-orúkọ. Kí aago ẹ̀rọ náà péye, nítorí ìwé ẹ̀rí ní ọjọ́ tí yóò kú.

(iii) Kí a lo TLS 1.2 tàbí èyí tí ó jù ú lọ; a ti pa 1.0 àti 1.1 tì ní ọdún 2021.

(iv) Orúkọ tí ẹ̀rọ fi ń wá ènìyàn nínú ìwé-orúkọ, kíkà nìkan ni kí ó lè ṣe.

(v) Kí àwọn tí ó ní àṣẹ kíkún mọ níwọ̀n; kí àwọn yòókù máa wòye lásán.

(vi) Kí a pa IPMI bí a kò bá nílò rẹ̀. Ẹ̀dà 2.0, tí ó jáde ní 2004, máa ń fún ẹni tí ó bá béèrè ní àmì tí a fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ ìwọlé, kí ó tó mọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́.

(vii) Kí orúkọ kan ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ fún ọjọ́ tí ìwé-orúkọ bá dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn, kí ti ẹ̀rọ kan má sì bá ti èkejì mu.

Ìgúnlẹ̀

Ìwé-orúkọ kan ṣoṣo mú iṣẹ́ rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jí i gbé ti jí gbogbo kọ́kọ́rọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òun náà ni kí a máa fi ṣọ́ ọ. Ó dùn mọ́ wa pé ìwé-orúkọ, ìwé ẹ̀rí àti ẹnà, tí a ti ń lò ní kíláàsì, tó láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kí ẹ gbé e wá síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní èdè Yorùbá.