Àwọ̀n Ìbánisọ̀rọ̀ Àwọn Ará Mankosi

Ojú ọjà ni oníṣòwò ńlá máa ń wò kí ó tó kọ́ ìsọ̀. Bí èrò bá pọ̀ níbẹ̀, kíá ni yóò dé. Bí ó bá ṣe ìletò ẹ̀yìn òkè tí àwọn olówó ibẹ̀ kò ju oníka lọ, yóò gbójú kúrò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù rí. Òpó wọn gbówó lórí púpọ̀, wọn kì í sì í fẹ́ rì í síbi tí èrè kò bá ti lè yá. Níbi tí òpó wà pàápàá, owó ìpè lè ga ju agbára tálákà lọ.

Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni Mankosi, ní ìpínlẹ̀ Eastern Cape ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Abúlé méjìlá ni ó para pọ̀ jẹ́ Mankosi, àwọn ẹ̀yà Xhosa ni ó sì ń gbé ibẹ̀. Ilé wọn fọ́n káàkiri orí òkè kéékèèké. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọkùnrin agbègbè náà ti ń fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ kùsà ní ọ̀nà jíjìn. Obìnrin tí ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ wà lájò kò lè ṣe kí ó má fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀; síbẹ̀ owó tí ì bá fi ra oúnjẹ ni ó ń fi pè é. Nítorí pé iná mànàmáná kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé, owó ni wọ́n tún ń san kí tẹlifóònù tó lè gba iná.

Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Western Cape bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọn kò kàn gbé ẹ̀rọ dé bí ẹni gbé ẹrù sílẹ̀. Baálẹ̀ àti àwọn ará ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ bá jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré sórí òrùlé àwọn ilé kan.

Iṣẹ́ méjì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ó ń gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀, ó sì ń ta á látaré sí ẹ̀rọ orí òrùlé mìíràn, títí ọ̀rọ̀ yóò fi kan ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Kò sí olórí láàárín wọn. Àwọ̀n apẹja ni ó jọ: bí ojú kan bá já, àwọn yòókù ṣì so kọ́ra. Bí ẹ̀rọ kan bá kú, ọ̀rọ̀ yóò gba ọ̀dọ̀ òmíràn kọjá, bí kò bá ṣáà sí òkè tàbí igi ńlá tí ó dínà.

Oòrùn ni ó ń fún wọn ní agbára. Pátákó kan ń gba ìtànṣán oòrùn lọ́sàn-án, bátìrì sì ń tọ́jú agbára náà di alẹ́. Bátìrì yìí ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù, nítorí òun ni ó máa ń yára gbó. Láti inú agbára kan náà ni wọ́n ti ń fi iná sí tẹlifóònù àwọn aládùúgbò ní owó pọ́ọ́kú, owó náà sì ń wọ àpò àjọ. Ọgbọ́n yìí sàn ju ẹ̀bùn lọ. Ní abúlé púpọ̀ ni ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ ti dípẹtà, nítorí pé ẹni tí ó gbé e wá nìkan ni ó mọ bí a ti ń tún un ṣe. Ní Mankosi, àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ní àtúnṣe.

Ní ọdún 2014 wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Zenzeleni ni wọ́n pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é’ ní èdè Xhosa. Ṣùgbọ́n ìdènà kan ṣì kù tí àkàbà kò lè mú kúrò: òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé máa ta ìbánisọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n san owó ìwé àṣẹ bí ilé-iṣẹ́ ńlá, iṣẹ́ náà ìbá parí síbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni àjọ ìjọba tí ó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ yọ̀ǹda pé kí wọ́n máa ṣe é láìgba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó yá, wọ́n so àwọ̀n náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti ìlú Mthatha, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń gbé e láti orí òkè kan dé òmíràn. Àwọn ará Zithulele tí ó wà nítòsí wọn náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀.