Àgbàrá Òjò Àkọ́rọ̀ àti Omi Kànga Wa

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, inú gbogbo wa a máa dùn: ooru a rọlẹ̀, eruku a parẹ́, àwọn ọmọdé a sì bọ́ síta lọ wẹ̀. Inú èmi náà a máa dùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí àwọn ìyá yóò fi máa gbé ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru wá sí dísípẹ́ńsárì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti ènìyàn, epo tí ń kán lára mọ́tò, àti ìdọ̀tí ọjà jókòó sílẹ̀ àti sínú gọ́tà. Òjò kìn-ín-ní ni ó ń gbá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni àgbàrá rẹ̀ fi ń burú ju ti òjò kẹwàá lọ, bí ti kẹwàá tilẹ̀ pọ̀ jù ú. Ní ìlú etí ọ̀sà bí Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà ni àgbàrá ń dà sí. Ṣùgbọ́n kí ó tó débẹ̀, yóò kọ́kọ́ ya kànga tí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba.

Ní ìlú etí ọ̀sà kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọ mẹ́ta láti agbo-ilé kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá bá mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo lọ wo kànga wọn. Baálé náà ní, “Nọ́ọ̀sì, omi tí baba mi gbẹ́ nìyí, ó mọ́ gaara,” ó sì bu ún mu lójú mi. Lóòótọ́ ni ó mọ́. Àmọ́ ṣáláńgá wà ní òkè rẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Wolé-wolé ni ó bá wa parí ọ̀rọ̀. Ó bu omi náà sínú ìgò tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára, ó fi yìnyín yí i ká, ó sì gbé e dé ilé àyẹ̀wò kí wákàtí 6 tó pé. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni kòkòrò E. coli, tí ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹran. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í pani lára, ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti rí i, ìgbẹ́ ti débẹ̀, onígbáméjì náà sì lè gba ọ̀nà kan náà wọlé. Nínú mìlílítà 100 omi mímu, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sí. Ti kànga yìí kọjá kíkà.

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n tún bù ú ní ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀, àti lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe ní ojú ibi tí gọ́tà ti ń wọ ọ̀sà.

Ẹ mọ ẹnu kànga sókè, kí ẹ sì dé e. Kí ṣáláńgá jìnnà sí i tó mítà 30. Ẹ kó gọ́tà kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n èyí tí a kó, tí a wá kó jọ sí ẹ̀bá gọ́tà, kí ni a ṣe? Òjò yóò dá a padà ni. Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó yaya, ṣùgbọ́n bí òórùn epo mọ́tò bá wà nínú rẹ̀, ẹ dà á nù, nítorí sísè kò lè mú un kúrò.

Bí ọmọ bá ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí orí ṣíbí gún dọ́gba, sínú omi sísè tútù lítà 1. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé e wá.